Bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe lè bá ìjọba ìbílẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ìgbọ́kọ̀sí, kó sì rí nǹkan mú bọ̀

Wọ́n kun ìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù lóru, ilẹ̀ mọ́, oníbàárà tó máa ń yà wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ríbi gbé mọ́tò sí mọ́. Tàbí kí ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà lẹ ìwé ìtanràn mọ́ ọkọ̀ tó ń já ẹrù yín lọ́wọ́. Tàbí kẹ̀, ẹ fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti fẹ ilé ìtajà yín, wọ́n ní àfi tẹ́ ẹ bá pèsè àyè ọkọ̀ 12, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yín kò gbà ju 7 lọ. Ìbínú ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń gbé lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n á pariwo mọ́ akọ̀wé tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀, wọ́n á sì pa dà wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó máa ń rí nǹkan mú bọ̀ ni ẹni tó mọ ìwé òfin tí wọ́n fi mú un, tó ka ọkọ̀ tó ń dúró lójú ọ̀nà náà, tó wá béèrè ohun kékeré kan tí òṣìṣẹ́ lè fọwọ́ sí láìbẹ̀rù.

Ẹjọ́ mẹ́ta ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀

Ìtanràn jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀, òfin ojú ọ̀nà jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀, iye àyè ọkọ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ pèsè nínú ọgbà yín náà jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Tábìlì tí kálukú ń lọ yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ìtanràn kò lágbára láti pa ìlà ojú ọ̀nà rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń wò ni bóyá ọkọ̀ yẹn rú òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ ojú ìwé mẹ́ta sí i pé òfin náà ń pa ọjà yín, kò ní í kà á dé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnjiníà tó ń bójú tó ọ̀nà kò lè fagi lé ìtanràn. Tẹ́ ẹ bá ní méjì nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ lẹ́tà méjì, ẹ sì fi wọ́n sínú fáìlì méjì.

Ìtanràn: ọjọ́ ló ń pa ẹjọ́ yìí

Ẹ yí ìwé náà sẹ́yìn kẹ́ ẹ kà á kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ gbèdéke ẹ̀bẹ̀ sí, ó sì lè má ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ ṣọ́ra fún owó ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fi lọ ẹni tó bá tètè san, torí ní ibi púpọ̀, ẹni tó bá ti san ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn, ẹjọ́ parí. Ẹ kà á dáadáa bóyá ẹ̀dínwó náà máa dúró dè yín títí wọ́n á fi dáhùn ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ju ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, ẹjọ́ náà kò ní í kú. Owó ìtanràn náà ni yóò máa gorí ara rẹ̀.

Ohun tó ń gbani sílẹ̀ kò pọ̀: pátákó kò sí, tàbí ewé igi bò ó, ìlà ti pa rẹ́, nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, aago tàbí orúkọ òpópónà tí wọ́n kọ kì í ṣe èyí tó tọ́, ẹ ń já ẹrù lọ́wọ́ níbi tí òfin ti gba ìjárù láàyè, ẹ ní ìwé àṣẹ tó ṣì wúlò. Ẹ ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè rí ọkọ̀ àti pátákó pọ̀, ọ̀kan nítòsí kí wọ́n lè ka ohun tó wà lára pátákó. Tó bá jẹ́ ẹrù lẹ̀ ń já, rìsíìtì tí aago wà lára rẹ̀ ju àlàyé lọ. "Mi ò pẹ́ níbẹ̀", "gbogbo ènìyàn ló ń gbé e síbẹ̀" àti "èmi náà ń san owó orí" kò tíì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí.

Òfin ojú ọ̀nà: ẹ béèrè ìwé tó wà lẹ́yìn pátákó

Pátákó kì í ṣe òfin. Ìkéde òfin ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kan gbọ́dọ̀ wà tó ní nọ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, àwòrán ọ̀nà, àti bí ìlà náà ṣe gùn tó ní mítà. Ẹ kọ̀wé béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tó bá dé, ẹ mú téèpù jáde lọ wọn ìlà tí wọ́n kùn, láti ibi tí ìwé sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó sọ pé ó parí. Ẹ tún ka wákàtí tó wà lára pátákó mọ́ èyí tó wà nínú ìwé. Ìwé lè ní mítà 18, kí àwọn tó kùn ún fà á dé 25 torí ibẹ̀ ni gọ́tà wà. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń parí ọ̀rọ̀ láìsí àríyànjiyàn, torí pé òṣìṣẹ́ kò ní láti gbà pé òfin burú. Ohun tó máa gbà ni pé ọ̀dà ṣìnà.

Tí òfin náà kò bá tíì fìdí múlẹ̀, ẹ wà ní àsìkò tó dáa jù. Ìkéde yóò ti jáde, ó lè jẹ́ ìwé tí wọ́n so mọ́ òpó iná tàbí ojú ìwé kékeré nínú ìwé ìròyìn, àyè yóò sì wà fún ará ìlú láti fẹ̀hónú hàn. Àyè náà kì í pẹ́. Ní England, fún àpẹẹrẹ, ọjọ́ 21 ni wọ́n ń fún ènìyàn láti kọ̀wé ta ko irú òfin bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí i tán, ọ̀sẹ̀ 6 péré ni ẹni tó bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ní. Ẹ wádìí iye ọjọ́ tí ibi tẹ́ ẹ wà ń fúnni kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun mìíràn.

Kíka ọkọ̀: ibí ni iṣẹ́ wà

Ọ́fíìsì tó ń ṣètò ọ̀nà ti gbọ́ "ọjà ti kú" láti ẹnu gbogbo oníṣòwò. Ohun tí wọn kì í sábà gbọ́ ni nọ́ńbà. Ìwé àjákọ kan, pẹ́nsù àti ọjọ́ mẹ́ta ló máa ná yín.

Ẹ ya òpópónà náà sórí ìwé, láti ìyànà kan dé èkejì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbi tí ọkọ̀ ti ń tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní mítà 6. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tó gùn ní mítà 24 gba 4 nìyẹn, kì í ṣe 6 bí ojú ṣe máa ń tan ni. Ẹ yọ ẹnu geeti, ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá àti igun ìyànà kúrò. Ẹ fún àyè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan rin òpópónà náà já, kó kọ àmì mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá wà ní àyè kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta yẹn tó láti dá ọkọ̀ mọ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà ẹlòmíràn tán sínú ìwé tẹ́ ẹ máa fún ìjọba. Bó ṣe máa rí nìyí:

10:00 — 1: 4KD, 2: 7RA, 3: òfo, 4: 2XB, 5: 9LM, 6: 1TT
10:30 — 1: 4KD, 2: 3PE, 3: 6GA, 4: 2XB, 5: òfo, 6: 1TT
11:00 — 1: 4KD, 2: 8SN, 3: 6GA, 4: 2XB, 5: 5WO, 6: 1TT

Àyè 6 ní ìgbà 3 jẹ́ 18. Ọkọ̀ wà nínú 16, ìyẹn ìdá 89 nínú 100. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan yóò ní ọ̀nà ti kún, a nílò àyè sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. 4KD, 2XB àti 1TT kò kúrò lójú kan, àwọn mẹ́ta ló gba ìdajì ọ̀nà náà. Àyè mẹ́ta yòókù gba ọkọ̀ 6 láàárín àkókò kan náà. Ohun tó kù díẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe àyè, ọkọ̀ tó jókòó ni kò jẹ́ kí oníbàárà rí i lò. Àyè kan tí ọkọ̀ ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ lè gba oníbàárà 20 ní wákàtí 10. Tí ọkọ̀ kan bá sùn síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀kan péré ló gbà.

Ta ló wá ni àwọn ọkọ̀ mẹ́ta yẹn? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wò ó bóyá ti akápò yín, ti ọmọ iṣẹ́ yín, tàbí ti ẹ̀yin fúnra yín ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá rí i kẹ́ ẹ tó tún un ṣe, ẹjọ́ yín bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kó wọn lọ síbi tó jìnnà díẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kíka ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ mú lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ iṣẹ́ lásán kan, ọjọ́ tí ọjà yín ń yá jù, àti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má lo ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ òjò ńlá, tàbí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò ni déètì. Àléébù kan wà nínú kíka ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ọkọ̀ tó wá tó lọ láàárín ìrìn méjì kò ní í hàn. Tí oníbàárà yín kì í bá lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ máa rìn ín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kódà kó jẹ́ wákàtí mẹ́rin péré lójúmọ́.

Donald Shoup, tó fìgbà kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ ìdá 85 nínú 100 di òṣùwọ̀n tí àwọn olùṣètò ìlú ń tọ́ka sí: tí ọkọ̀ bá gba bí ìdá 85 àyè, ẹni tó ń bọ̀ á ṣì rí ọ̀kan láìmáa yí kiri. Tí tiyín bá ti ń lọ sí 95 tàbí 100, ẹ má béèrè pé kí wọ́n yọ gbogbo òfin kúrò, torí ọkọ̀ aláìlọ ló máa gba ibẹ̀. Gbèdéke ìṣẹ́jú ni kẹ́ ẹ béèrè. Tó bá wà ní 50, ẹ lè sọ pé òfin náà le ju ohun tó fẹ́ wò sàn lọ.

Ẹ fi ìbéèrè kan kún un níbi ìsanwó: "Báwo lẹ ṣe dé ibí lónìí?" Ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ èrò, mọ́tò ara ẹni. Kí akápò máa fa ìlà síwájú ìdáhùn títí á fi pé 200. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyàlẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wádìí èyí ní Bristol, ìlú kan ní England, lọ́dún 2006, àwọn oníṣọ́ọ̀bù rò pé 41 nínú 100 oníbàárà ló ń fi mọ́tò wá; 22 ló jẹ́. Tí nọ́ńbà tiyín bá kéré, ẹ má fi oníbàárà onímọ́tò ṣe òpómúléró ẹjọ́ yín. Ìjárù ni kẹ́ ẹ dojú kọ, torí ẹrù kì í fẹsẹ̀ rìn wá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi hàn pé ọjà wálẹ̀, ẹ fi oṣù yìí wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó fi oṣù tí ọjà máa ń kú wé oṣù ọdún ti fún wọn ní ọ̀pá tí wọ́n máa fi nà án. Rìsíìtì wákàtí sí wákàtí tún dára jù: tí òfin bá jẹ́ aago 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́, tó sì jẹ́ wákàtí yẹn nìkan ni owó ti já, kò sí àlàyé mìíràn tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ẹ béèrè ohun tó ṣeé fún

"Ẹ fagi lé e" ló ṣòro jù fún ọ́fíìsì láti gbà, torí ẹni tó fọwọ́ sí i yóò ní láti sọ pé òun ṣàṣìṣe. Àwọn ohun tó rọrùn fún wọn ni kí wọ́n yí wákàtí òfin pa dà, kí wọ́n ya mítà 12 sọ́tọ̀ fún ìjárù láàárọ̀, kí wọ́n fi gbèdéke ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i dípò kí ọkọ̀ má lè dúró rárá, kí wọ́n sún pátákó tàbí ibùdókọ̀ síwájú díẹ̀, tàbí kí wọ́n dán nǹkan wò fún oṣù mẹ́fà. Àyẹ̀wò olóṣù mẹ́fà yìí ni wọ́n máa ń fẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀, torí kò so wọ́n mọ́ ibì kankan.

Ẹ má béèrè igun ìyànà, iwájú ẹ̀rọ omi panápaná, ibi ìsọdá ẹlẹ́sẹ̀, tàbí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá. Wọn kò ní í fún yín, wọ́n á sì máa fi ojú yẹn wo ìbéèrè yòókù. Tí wọ́n bá ní ọkọ̀ panápaná kò ní í lè kọjá, ẹ béèrè iye mítà tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ sì wọn ọ̀nà náà níṣojú wọn.

Lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni kó ṣíwájú, kẹ́ ẹ sì fi mítà sọ ọ́ láti ibi tí kò lè yẹ̀. Fún àpẹẹrẹ:

"Ọ̀rọ̀ nípa òfin ọ̀nà nọ́ńbà báyìí, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ báyìí. Láti mítà 3 sí mítà 15 lápá ọ̀tún òpó ẹnu ọ̀nà wa, òfin yìí kò jẹ́ kí ọkọ̀ dúró láti aago 7 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́. A ń béèrè pé kí mítà 12 yìí jẹ́ ibi ìjárù láti aago 7 sí aago 10 àárọ̀, kó sì jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú láti aago 10 títí di aago 7 alẹ́, kí a dán an wò fún oṣù 6. Ọ̀nà tó máa ṣẹ́ kù tí ọkọ̀ bá dúró síbẹ̀ jẹ́ mítà 6.4. Àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ọjọ́ 3, àwòrán àti fọ́tò 4 wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, a ń retí èsì kí ọjọ́ 21 tó pé."

Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tẹ́ ẹ máa mú pa dà. Tó bá jẹ́ ímeèlì, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí akọ̀wé bá sọ lẹ́nu lásán, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kan náà: "Bí a ṣe sọ ọ́ lónìí, ẹ ní…" Ẹni tí kò bá ta ko ìyẹn, yóò ṣòro fún un láti sẹ́ ẹ tó bá yá.

Ohun tó ń ba ẹjọ́ tó dáa jẹ́

Kíkó táyà tàbí òkúta sójú ọ̀nà láti fi dá àyè dúró. Kíkọ "Fún oníbàárà wa nìkan" sára títì tí gbogbo ìlú ni. Kíkun ìlà fúnra ẹni. Bíbá ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà jà, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ òun kọ́ ni òfin ti wá, tó sì tún máa kọ ohun tẹ́ ẹ sọ sílẹ̀. Àti owó ẹ̀yìn: ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan yóò tún pa dà wá, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn síbẹ̀.

Àwọn tó ń gbé òpópónà náà tún wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ló béèrè òfin ọ̀hún, torí ọkọ̀ oníbàárà ń dí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ bá wọn kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Tí wọ́n bá lè gbà fún wákàtí ọ̀sán, kẹ́ ẹ̀yin náà fi alẹ́ sílẹ̀ fún wọn, káńsílọ̀ kò ní nǹkan tó ń bẹ̀rù mọ́. Tí àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kí kálukú kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́tà ogún tó jọra ni ọ́fíìsì máa ń kà bí ẹyọ kan.

Nínú ìpàdé, wọ́n lè má fún yín ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, ẹ na àwòrán sókè, ẹ sọ nọ́ńbà méjì péré, ẹ jókòó.

Tó bá jẹ́ inú ọgbà yín ni

Òfin iye àyè ọkọ̀ sábà máa ń dá lórí bí ilé ṣe fẹ̀ tó, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ká ní òfin sọ pé àyè kan fún mítà onígun mẹ́rin (sq m) 25. Tí wọ́n bá ka gbogbo ilé tó jẹ́ sq m 300, 12 ni. Ṣùgbọ́n tí òfin bá ní ibi ìtajà nìkan, tí sítọ́ọ̀, àtẹ̀gùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì gba 100, ó di 8. Ẹ ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ òfin kẹ́ ẹ tó wá ilẹ̀ rà.

Tí àyè kò bá tíì tó síbẹ̀, ẹ wá aládùúgbò tí àsìkò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Ọ́fíìsì tó ń pa dé ní aago 5 lè fún ilé oúnjẹ tó ń ṣí ní aago 6 láyè. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kó ní wákàtí, iye àyè àti ọdún tó máa fi wà. Wọ́n kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ sì béèrè bóyá ilé yín ti ń ṣe irú òwò yìí ṣáájú òfin náà, torí ó lè máà bá ilé àtijọ́ wí àfi tẹ́ ẹ bá yí iṣẹ́ ibẹ̀ pa dà. Àwọn ìlú kan tilẹ̀ ti pa irú òfin yìí rẹ́: Buffalo ní Amẹ́ríkà ṣe é lọ́dún 2017. Ó dáa láti tọ́ka sí ìyẹn lójú ìpàdé, ṣùgbọ́n kíka ọkọ̀ tiyín ló máa gbé e.

Kóòtù

Kóòtù kì í sábà wò ó bóyá òfin gbọ́n tàbí kò gbọ́n. Ó ń wò ó bóyá ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ṣe é, bóyá wọ́n kéde rẹ̀ bó ti yẹ, bóyá wọ́n ka ẹ̀hónú tó wọlé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ orí ẹ̀dà yín fi ṣe pàtàkì. Ẹ bi agbẹjọ́rò léèrè ohun méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọjọ́ wo ni gbèdéke, àti ta ni yóò san owó ẹjọ́ tí a bá pàdánù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn sọ lẹ́tà yín nù tàbí tí wọn kò fèsì fún oṣù mélòó kan ni, ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn ará ìlú lórí ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba kò náni lówó tó kóòtù, àmọ́ kò ní í yí òfin náà pa dà.

Tí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ wọn pátákó tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dúró, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tí àyẹ̀wò yóò parí sórí kàlẹ́ńdà. Ní oṣù kẹrin àyẹ̀wò náà, ẹ tún ka ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà kan náà, ní irú ọjọ́ kan náà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí àwọn tó ta kò yín tó fi tiwọn ránṣẹ́.